Èló Ni Iṣẹ́ Abẹ Ojú Mùtíátù?

Nínú gbogbo àwọn tó ń ta òwú ìránṣọ àti bọ́tìnì ní Jankara, ta ló mọ àwọ̀ tó Mùtíátù? Télọ̀ á kàn fi aṣọ pélébé kan hàn án, òun á ti nawọ́ mú òwú tó bá a mu. Àfi ìgbà tí nǹkan funfun kan bẹ̀rẹ̀ sí í bo ojú òsì rẹ̀ bíi omi ìrẹsì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, télọ̀ kan ní búlúù lòun fẹ́, ó gbé dúdú fún un. Télọ̀ náà ní, "Ìyá Haleem, ẹ lọ tọ́jú ojú yìí o, kí ẹ má bàa ba iṣẹ́ jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́."

Dókítà ní iṣẹ́ abẹ ni, kò tiẹ̀ pẹ́ rárá, kó wá lọ́jọ́ Àlàmísì. Ìyẹn ò dẹ́rù bà á. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ò ju pé èló ni, èló sì ni ìnṣọ́ránsì ìlera tí ọkọ ẹ̀ ṣe fún ìdílé máa san níbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ra sípù kan ṣoṣo lọ́wọ́ ẹ̀ gan-an á kọ́kọ́ béèrè iye.

Ọmọbìnrin tó ń gbowó lọ́sibítù ní ó dọwọ́ ìnṣọ́ránsì. Mùtíátù pe ìnṣọ́ránsì, wọ́n ń kọrin sí i létí títí káàdì fóònù ẹ̀ fi tán. Ó ra òmíràn, ọkùnrin kan wá gbé e, ó ní ó dọwọ́ ọsibítù. Ó padà sọ́sibítù, nọ́ọ̀sì kan ní ó dọwọ́ irú gíláàsì tí wọ́n bá fẹ́ fi sínú ojú, ó tún fi kún un pé àwọn èèyàn kì í béèrè irú ìyẹn títí wọ́n á fi ṣe é tán. Mùtíátù ní àwọn èèyàn yẹn lówó nìyẹn.

Lọ́jọ́ kẹta, ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó fẹsẹ̀ rìn dé ọ́fíìsì ìnṣọ́ránsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ CMS. Wọ́n pe ìrun Àílà, ó kí i, ó padà wá jókòó, kò tíì kàn án. Ìgbà tó kàn án, akọ̀wé tó ń jẹ́ Tèmítọ́pẹ́ tẹ nọ́ńbà ẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, ó wò ó, ó tún tẹ̀ ẹ́.

"Mummy, kí ni Alhaji Jimoh jẹ́ sí yín?"

"Ọkọ mi."

"Ẹ má bínú, mà. Ohun tó wà níbí ni pé bàbá yín ni wọ́n."

Ó yí kọ̀ǹpútà sí i. Ganiat, ìyáálé ẹ̀, ló wà ní ipò ìyàwó. Lábẹ́ ibẹ̀ ni àwọn ọmọ: Haleem, Bilqis, Nusrat. Ẹ̀yìn Nusrat ni wọ́n kọ Mùtíátù sí: ọmọ, ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta. Ọmọ tó bá sì ti lé ní méjìdínlógún, ìnṣọ́ránsì ò mọ̀ ọ́n rí. Ọdún kẹrin rèé tó ti ń kó owó ìnṣọ́ránsì tiẹ̀ fún Alhaji lóṣooṣù.

Ó pè é níbẹ̀ yẹn. Alhaji wà nídìí páìpù tó ń tà l'Ádéníji Adélé, ara ẹ̀ balẹ̀ bí ẹni tó ń mumi. Ó ní àyè ìyàwó kan ṣoṣo ló wà nínú fọ́ọ̀mù, ti ọmọ mẹ́rin, wọ́n sì bímọ mẹ́ta.

"Ṣé kí n wá yọ ìyáálé ẹ ni? Àyè tó ṣẹ́ kù ni mo fi ẹ́ sí. Mi ò sáà yọ ẹ́ sílẹ̀."

"Alhaji, ẹ wá sọ mí dọmọ yín."

Alhaji rẹ́rìn-ín. Tèmítọ́pẹ́ náà ń wo tábìlì, èjìká ẹ̀ ń mì fún ẹ̀rín. Mùtíátù pa fóònù.

Akọ̀wé yẹn ló kọ́kọ́ dárúkọ iye fún un: ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀rìnlélọ́ọ̀ọ́dúnrún náírà, tó bá máa sanwó fúnra ẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi wá iye yìí kiri; ó gbọ́ ọ tán, ó dà bíi kí wọ́n má tiẹ̀ sọ ọ́. Bó bá ra ìnṣọ́ránsì tiẹ̀ lónìí, oṣù mẹ́ta ló máa fi dúró kí wọ́n tó san ti iṣẹ́ abẹ ojú, òun ló sì máa ra gíláàsì inú ẹ̀.

Mùtíátù ní kí akọ̀wé náà kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, kó lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn. Ó pe ọsibítù pé Àlàmísì ò ṣeé ṣe mọ́. Ó wá ní kí akọ̀wé mú fọ́ọ̀mù ìnṣọ́ránsì wá. Tèmítọ́pẹ́ bi í pé ṣé ti ẹbí ni.

"Ti èèyàn kan ṣoṣo," ló fèsì, ó sì sún ìwé náà sápá ọ̀tún, ibi tí ojú ẹ̀ ti lè rí i.