Ìkéde Kẹta Ẹ̀gbọ́n Mi

Nígbà tí mo ṣì kéré débi pé ẹsẹ̀ mi kì í kanlẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀ṣì, abúlé ni Ìgàndó wa. Àwòrán ṣọ́ọ̀ṣì abúlé kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ayé Ọbabìnrin Fitóríà, wà lára ògiri yàrá àlùfáà; òun ni àwọn baba wa wò kọ́ tiwa, pẹ̀lú fèrèsé ṣóńṣó àti ibojì lẹ́yìnkùlé. Àṣà ibẹ̀ náà la ń tẹ̀ lé: kí a tó so ọkọ àti ìyàwó pọ̀, àlùfáà yóò kéde wọn ní ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta, yóò sì béèrè bóyá ẹnikẹ́ni mọ ìdí tí kò fi yẹ. Bí ẹnì kan bá fèsì, ètò dúró nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni wọ́n ń kéde. Olùkọ́ ará Èkìtì tó háyà yàrá lẹ́yìn ilé wa ni àfẹ́sọ́nà rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kò fẹ́.

"Ayálégbé! Kí ayálégbé wá di àna àwa onílẹ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́," ni bàbá mi ń bẹ̀.

"Jẹ́ kí àlùfáà béèrè lọ́jọ́ kẹta. Màá dá a lóhùn ṣá."

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo rántí pé òjò ṣú lọ́jọ́ náà. Ẹ̀gbọ́n mi ní oòrùn ló mú. Ohun tó dá mi lójú ni ọwọ́ rẹ̀ tó tutù nínú tèmi. Àlùfáà béèrè. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi dìde, ó húkọ́.

Kí ó tó lanu, ìyá rẹ̀, ìyá wa àgbà tó jẹ́ ìyá ìjọ, ti dìde lẹ́yìn rẹ̀, ó gbé orin ìyìn. Nínú ìjọ wa, bí ìyá ìjọ bá gbé orin, tọmọdé tàgbà ló gbọ́dọ̀ dìde. A dìde. Ẹni tó fẹ́ takò wá di ọ̀kan ṣoṣo láàrin àwọn tó ń kọrin.

"Gbè é," ni ìyá àgbà wí sí i létí, "àbí o fẹ́ kí ìyá rẹ dá a kọ?"

Lójú tèmi, ó gbè é. Ẹ̀gbọ́n mi ní ètè rẹ̀ nìkan ló mì. Ṣùgbọ́n nígbà tí orin yóò fi parí, àlùfáà ti bọ́ sórí ìwàásù, ìkéde ti kọjá.

A ti wó ṣọ́ọ̀ṣì yẹn, a kọ́ èyí tó ga. Ayálégbé ló pọ̀ jù nínú ìjọ báyìí. Àwa ọmọ onílẹ̀ pàápàá ti ta ilẹ̀ títí tí àwọn kan nínú wa fi ń háyà. Àlùfáà ṣì ń béèrè ìbéèrè náà, àwọn ènìyàn a sì máa wo fóònù wọn. Kò sẹ́ni tó ń bẹ̀rù ìdáhùn mọ́. Bóyá ìtura nìyẹn. Bóyá a kò kàn mọ ara wa mọ́ débi tí ẹnikẹ́ni yóò fi ní ohun tó fẹ́ sọ.