Kẹ̀kẹ́ Ọmọ Tí Ìyá Mi So Mọ́ Òpó

Ọdún mẹ́rin gbáko ni mo fi bẹ ìyàwó mi kó tó gbà pé òun yóò gbé ọmọ wa dé ìlú mi. Kì í ṣe pé ó kórìíra àwọn ènìyàn mi o. Omi ni kò fẹ́ràn. Àkúrẹ́ ni wọ́n ti bí i, níbi tí omi ti mọ ààyè ara rẹ̀ nínú kànga àti nínú páìpù. Èmi jẹ́ ọmọ Ìlàjẹ, inú ilé tó dúró lórí òpó ni wọ́n bí mi sí, omi ń kọjá lábẹ́ ẹní tí mo sùn lé. Nígbà tí mo ń fẹ́ ẹ, mo sọ fún un pé odò wa kò ju orúnkún lọ. Mi ò sọ pé orúnkún ta ni.

Ìyá mi ló máa ń wá wò wá l'Ákùúrẹ́, níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ tíṣà. Ṣùgbọ́n orúnkún tirẹ̀ náà ti ń le, ọ̀nà jíjìn kò sì rọrùn fún un mọ́. Bí ọmọ kò bá lọ bá a, a jẹ́ pé orí fóònù nìkan ni wọn yóò ti máa rí ara wọn. Mo sọ èyí fún ìyàwó mi ní alẹ́ ọjọ́ kan, mi ò sì fi ẹ̀fẹ̀ kún un, ìyẹn ló jẹ́ kó mọ̀ pé òótọ́ ni mò ń sọ.

Ó ní, “Ó dáa. Ọjọ́ márùn-ún. Ẹ ní ẹ fẹ́ fi ọkọ̀ gbé wa gbafẹ́ lójú omi, mo gbà. Ṣùgbọ́n tí nǹkan kan bá ṣe ọmọ mi, Dádì, a ò ní padà síbẹ̀ mọ́. Ẹ má tún bẹ̀ mí. Kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ bá wa lọ.”

Kẹ̀kẹ́ tó ń wí ni èyí tí wọ́n fi ń ti ọmọ kiri, aláwọ̀ búlúù, tó ní ìjókòó, bẹ́líìtì àti táyà kéékèèké mẹ́rin. Ọmọ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ju ohun tí à ń tì lọ. Bó bá jókòó sínú rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbálẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ti rí afárá onípákó wa nínú fọ́tò, ó sì rí i pé kò ní ibi téèyàn lè fọwọ́ dì mú. Ó ní ọmọ òun ò ní fẹsẹ̀ rìn lórí igi tó tẹ́ sójú omi. Yóò jókòó, òun yóò sì fi bẹ́líìtì dè é.

Ní èbúté Igbókọ̀dá, àbúrò mi ti ń dúró dè wá pẹ̀lú ọkọ̀ rẹ̀, ọkọ̀ fíbà ńlá tó ní ìbòrí àti ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn. Ìyá wa jókòó sínú rẹ̀, ó ti múra bí ẹni tó ń lọ gba oyè. Nílé wa, iye là ń pe ìyá, ìyá mi sì ti dàgbà débi pé gbogbo ìlú ló ń pè é ní Iye. Ìyàwó mi nìkan ló ń pè é ní Mọ́mì.

Àbúrò mi wo kẹ̀kẹ́ náà sókè sódò.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti pẹ́ l'Ákùúrẹ́ jù. Ẹ ti gbàgbé pé a ò ní títì.”

Ìyàwó mi dá a lóhùn kí n tó la ẹnu. “Ẹ̀yin ẹ máa wa ọkọ̀ yín, ẹ jẹ́ kí n máa wa tèmi.”

“Ìyàwó wa, mo gbà. Ẹ sáà má fọn fèrè nídìí mi.”

A ká kẹ̀kẹ́ náà, a fi ọ̀rá wé e nítorí omi tí ń ta sókè, a sì tẹ́ ẹ síwájú ọkọ̀. Ọmọ wa jókòó lórí ẹsẹ̀ ìyá mi nínú jákẹ́ẹ̀tì tí í mú èèyàn léfòó, ojú rẹ̀ nìkan ló yọ níbẹ̀ bíi ti ìjàpá. Nígbà tí a kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Òde Ugbò, ó bi mí pé, “Dádì, ṣé kẹ̀kẹ́ mi mọ̀wẹ̀?”

Mo rẹ́rìn-ín. Ìyá mi kò rẹ́rìn-ín. Ó fọwọ́ pa á lórí, ó ní, “Ìbéèrè àgbà lo bi yẹn, ìyá mi.”

Nígbà tí a dé ìlú wa, mo ṣí kẹ̀kẹ́, mo gbé ọmọ sí i, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í tì í lórí afárá pẹ̀lú àyà gbígbé sókè, kí gbogbo ayé lè rí ọmọ mi. Mi ò tì í dé ilé kẹta tí táyà iwájú fi há sí àárín pákó méjì. Mo tì í, kò lọ. Obìnrin kan tó ru abọ́ edé dúró lẹ́yìn mi, kò rí ọ̀nà kọjá.

“Tíṣà, ẹ gbé e rù, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó gbé yín.”

Ìyàwó mi ló rí ọgbọ́n rẹ̀. Ó yí kẹ̀kẹ́ náà padà, ó kọ ẹ̀yìn síbi tó ń lọ, ó sì ń fà á. Táyà ẹ̀yìn, tó tóbi díẹ̀ ju ti iwájú lọ, ló ń ṣáájú, kò sì há mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ mi ṣe wọ ìlú bàbá rẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sílé, ó ń juwọ́ sí àwọn tó ti kọjá lára wọn. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, àwọn ọmọ àdúgbò ti tò lẹ́sẹẹsẹ kí wọ́n lè gùn ún lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ń tukọ̀, wọ́n sì ń lúwẹ̀ẹ́ bí ẹja, ṣùgbọ́n wọn kò gun ohun tó ní táyà rí. Ọmọ mi dúró ní ẹ̀gbẹ́ kan bíi kọ̀ńdọ́kítọ̀, ó ń pariwo, “Ẹnì kan! Ẹnì kan péré!”

Ìjà okùn bẹ̀rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ìyàwó mi gbé kẹ̀kẹ́ sí iwájú ilé pẹ̀lú ọmọ nínú rẹ̀, ó tẹ bíréèkì rẹ̀. Ìyá mi mú okùn kúkúrú kan wá, irú èyí tí a fi ń so ọkọ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì so irin kẹ̀kẹ́ náà mọ́ òpó ilé.

“Mọ́mì, ó ní bíréèkì o.”

“Mo rí i. Ọkọ̀ náà ní ìdákọ̀ró, a sì tún ń fokùn so ó.”

“Ọmọ náà ò lè jáde níbẹ̀, mo ti fi bẹ́líìtì dè é.”

Ìyá mi nàró díẹ̀díẹ̀, ó di orúnkún mú. “Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn, ìyàwó mi. O de ọmọ mọ́ irin. Tí irin bá bọ́ sómi, ṣé á léfòó? Ìwọ ni ìyá rẹ̀, mi ò ní tú bẹ́líìtì rẹ. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá de ọmọ mọ́ létí omi, a gbọ́dọ̀ de òun náà mọ́lẹ̀.”

Ìyàwó mi wọlé. Inú yàrá ló ti kojú sí mi. “Ìyá yín ń so ọmọ mi mọ́lẹ̀ bí àgbò iléyá.” Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi ṣe é: ìyàwó á tú u, ìyá á so ó, kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ sí ẹnì kejì lórí rẹ̀. Èmi tó wà láàárín ń ṣe bí ẹni tí kò rí okùn rí láyé.

Ọjọ́ kẹta la lọ rí òkun ní Abereke. Kẹ̀kẹ́ kì í yí nínú yanrìn, nítorí náà èmi àti àbúrò mi gbé e láàárín wa pẹ̀lú ọmọ nínú rẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n ń gbé ọba. Nígbà tí a padà délé, ìyá mi bu omi òjò nínú dúrọ́ọ̀mù, omi tí à ń mu, ó jókòó ti kẹ̀kẹ́ náà, ó ń ṣan táyà kọ̀ọ̀kan.

“Mọ́mì, omi mímu nìyẹn!”

“Iyọ̀ òkun ń jẹ irin. Àbí o ò fẹ́ kó gbé ọmọ rẹ délé?”

Ìyàwó mi wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó sì lọ kúnlẹ̀ tì í, ó ń bá a fọ táyà kejì. Mo rí wọn láti ẹnu ọ̀nà. Mo ní nínú ọkàn mi pé a ti borí. Mo yá ẹnu jù; ó yẹ kí n kàn máa fi ẹnu mi jẹun.

Ní ọjọ́ kẹrin, mo fẹ́ ya fọ́tò. Àwọn ará ìlú wa ti da kọnkéré sí ẹ̀gbẹ́ èbúté, ó dagẹ̀rẹ̀ wọ inú omi kí wọ́n lè máa fa ọkọ̀ gòkè. Ibẹ̀ ni mo to wọn sí lórí òkè kọnkéré: ìyá mi, ìyàwó mi, àti ọmọ tó ti sùn lọ nínú kẹ̀kẹ́ rẹ̀, àwọn ọkọ̀ wà lẹ́yìn wọn. Okùn ìyá mi wà níbẹ̀, láti ìdí kẹ̀kẹ́ dé òpó èbúté. Kò bá fọ́tò mi mu rárá.

Mo tú u. Mo ní, “Iye, ẹ jẹ́ ká yọ eléyìí. Kí àwọn ará Àkúrẹ́ má baà bi mí bóyá ọmọ ni mo lọ kí àbí ewúrẹ́.”

Ó ní, “Ó dáa, tíṣà.”

Mo fi ẹsẹ̀ tẹ bíréèkì, mo fi ẹ̀yìn rìn sẹ́yìn, mo gbé fóònù sókè. Mo ya àkọ́kọ́. Ìyá mi ti bẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, ìdí rẹ̀ ló kún inú fọ́tò.

“Iye, ẹ dìde! Kí lẹ ń wá nílẹ̀?”

“Ohun tó sọnù ni.”

“Kí ló sọnù?”

“Làákàyè ẹnì kan.”

Gbogbo èbúté bú sẹ́rìn-ín. Ó nàró, mo ní kí òun àti ìyàwó mi sún síwájú díẹ̀, oòrùn ń gún mi lójú. Wọ́n sún. Ìgbà tí mo ń wá ojú wọn nínú fóònù ni ìyàwó mi yí orí padà lójijì.

Ìró táyà ló gbọ́. Kò sí ẹlòmíràn tó gbọ́ ọ nínú wa. Bí okùn bá já, gbogbo wa la máa gbọ́; bí àjẹ̀ bá kan ọkọ̀, a mọ̀ ọ́n lójú oorun. Ṣùgbọ́n ohun tó ń yí lórí kọnkéré, etí wa kò mọ ohùn rẹ̀. Yanrìn Abereke ti há sí abẹ́ bíréèkì, kò sì wọlé dáadáa, kẹ̀kẹ́ ti ń yí lọ sínú omi pẹ̀lú ọmọ mi.

“Ọmọ mi!” Ó ti sáré kí n tó gbé fóònù kúrò lójú.

Kò tíì dé ibẹ̀ tí okùn fi nà gbọnrangandan. Kẹ̀kẹ́ náà fò díẹ̀, ó dúró. Àárín táyà rẹ̀ àti omi kò ju ìka ọwọ́ dé ìgúnpá lọ. Ìgbà tí mo ń bi í pé kí ló ń wá nílẹ̀ ni ìyá mi ti so okùn náà padà.

Ọmọ mi lajú. Ó wo omi, ó wò mí, ó ní, “Dádì, ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i.”

Kò sẹ́ni tó tún un ṣe. Ìyàwó mi tú bẹ́líìtì, ó gbé ọmọ rẹ̀, ó sì rìn lọ sílé. Èmi tẹ̀ lé wọn. Ọwọ́ mi ló tú okùn. Àdéhùn wa kò sì ṣòro láti rántí: tí nǹkan kan bá ṣe ọmọ mi.

Nídìí ààrò ni mo bá ìyá mi, ó ń yí ẹja padà lórí iná, kò wo ojú mi. “Sọ fún ìyàwó rẹ pé bí ẹ bá fẹ́ lọ lọ́la, kí ẹ lọ. Mi ò ní bínú. Mo ti rí ọmọ náà, ó ti sùn lórí ẹsẹ̀ mi.”

Kí n tó fèsì, ìyàwó mi wọlé. Okùn náà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Iye,” ó ní, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn, “ẹ kọ́ mi bí ẹ ṣe ta á.”

Ìyá mi gbé igi tó fi ń yí ẹja sílẹ̀. Wọ́n jáde lọ sídìí òpó. Ìyá mi ní, “Lọ́ ọ yí òpó po lẹ́ẹ̀mejì, gbé e kọjá lábẹ́ ara rẹ̀, dá orí rẹ̀ sẹ́yìn kí ọwọ́ kan lè tú u.” Ìyàwó mi ta á, ìyá mi fà á, ó tú.

“Èyí tí o ta yìí, edé á tú u.”

Ó tún un ta. Ó tú.

“Èyí dára díẹ̀. Ẹja ló máa tú u.”

Wọ́n wà níbẹ̀ títí ìgbà tí mo fi jẹ oúnjẹ pupuru mi tán, tí mo sì jẹ tiwọn náà. Nígbà tí ó ta èyí tí kò tú, ìyá mi fi gbogbo ara fà á, ó sì ké sí mi, “Tíṣà, ìyàwó rẹ ti mọ̀ ọ́n jù ọ́ lọ.”

“Ẹ̀yin lẹ ni okùn,” ni ìyàwó mi wí. “Èmi ni mo ni etí.”

“Òótọ́ ni. Láìsí okùn, etí rẹ nìkan ni ì bá kù fún wa.”

A lo ọjọ́ márùn-ún wa pé. Nígbà tí àbúrò mi mú wa padà dé Igbókọ̀dá, ọkọ̀ kò tíì fara kan èbúté tán tí ìyàwó mi fi gbé okùn iwájú, ó fò sókè, ó sì so ó mọ́ òpó, gbọn-in. Àwọn awakọ̀ tó wà níbẹ̀ yí ojú sí i.

Ọ̀kan nínú wọn ní, “Ọmọ ibo ni ìyàwó yìí?”

Àbúrò mi na àyà síwájú. “Tiwa ni.”

Èmi náà na tèmi.

Fọ́tò kejì kò jáde rárá, ojú ọ̀run nìkan ló wà nínú rẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ìyàwó mi fi gíláàsì bò, tó sì gbé kọ́ sí pálọ̀ wa l'Ákùúrẹ́: ọmọ tó ń sùn, òun tó ń rẹ́rìn-ín, àti ìdí ìyá arúgbó kan tó bẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́. Gbogbo àlejò ló ń bi wá pé kí ni ìyá ń wá nílẹ̀. Ìyàwó mi ló máa ń sọ ọ́, kì í sì í fi apá tèmi sílẹ̀. Bó bá sọ ọ́ tán, á sọ ọjọ́ tí a tún ń lọ fún wọn.