Fọ́tò Hanifah

Aránṣọ ni Ròkíátù ní àdúgbò Lotto, ẹni jẹ́ẹ́ ni. Nígbà tí ọmọ rẹ̀, Hanifah, ń rọbí, wọ́n bá ilé ìwòsàn àdúgbò ní títì, bó ṣe wà láti oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn. Iwájú ilẹ̀kùn náà ló bímọ sí, ibẹ̀ náà ló kú sí; ọmọ nìkan ló yè.

Ọnọrébù Olúgbádé tó ń ṣojú wọn nílé aṣòfin wá kí i. Ó ní òun máa pe kọmíṣọ́nnà ètò ìlera kó wá dáhùn nílé aṣòfin. Ó gba fọ́tò òkú tí aládùúgbò kan yà.

"Ìyá Hanifah, èmi nìkan ni màá rí i," ló sọ.

Lọ́jọ́ ìjókòó, tí Ròkíátù náà wà níbẹ̀, kọmíṣọ́nnà ní wọn ò fi ọjọ́ kan ti ilé ìwòsàn náà rí. Ni Ọnọrébù bá ní kí wọ́n gbé fọ́tò sójú tẹlifíṣọ̀n ńlá. Hanifah nà gbalaja, ẹ̀jẹ̀ bo ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, aṣọ ò sí nídìí rẹ̀. Àwọn aṣòfin pàtẹ́wọ́ fún Ọnọrébù.

"A ti borí," ló sọ fún Ròkíátù níta.

"Ẹ ò tiẹ̀ bò ó."

"Tá a bá bò ó, wọn ò ní gbà."

Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n ṣí ilé ìwòsàn náà. Ròkíátù pọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Nọ́ọ̀sì wò ó títí, ó wá na fóònù sí i, fọ́tò yẹn wà lójú rẹ̀.

"Màmá, ṣé ọmọ yín nìyí?"

"Òun ni," ni Ròkíátù sọ, ó sì di apá ọmọ náà mú fún abẹ́rẹ́.