Adọ̀bálẹ̀, Ọkọ̀ Asáré Bàbá Àgbà

Ìyá mi ń fi ẹsẹ̀ da kòkó tí a sá kiri lórí sìmẹ́ǹtì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà bú ramúramù lábẹ́ àtíbàbà páànù ẹ̀yìnkùlé. Gbogbo wa dúró. A mọ ikọ́ ọkọ̀ yẹn dáadáa, a mọ bó ṣe máa ń húkọ́ díẹ̀ kó tó kú, ṣùgbọ́n a ò gbọ́ kó ké báyìí rí. Ilẹ̀ ń gbọ̀n lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ mi. Àwọn adìyẹ fò gun orí ògiri. Kí a tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ọkọ̀ ti yọ imú sójú oòrùn, bàbá àgbà wà nídìí rẹ̀, ó fa fìlà wọ̀ títí kan etí, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọkọ ìyàwó.

Ó yí ọkọ̀ náà ká ìdí igi máńgòrò, ó yí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, a pàtẹ́wọ́ fún un. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí ọ̀dọ̀ wa. Àbúrò mi, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀rọ̀ ọ́ sọ, jókòó sáàárín kòkó, ó ń kó o sínú agolo, ó ń dà á sílẹ̀. Mo rò pé bàbá máa yà fún un. Kò yà. Ó ń bọ̀ tààrà, ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

Ìyá mi ké pè é. Igbe yẹn kò jọ ohùn ìyá mi rárá. Bàbá tẹ bíréèkì, taya wọ́ kòkó nílẹ̀, kòkó ta sí wa lára bí òjò yìnyín, ọkọ̀ sì dúró. Àyè tó kù láàárín imú ọkọ̀ àti àbúrò mi kò lè gba ẹní tí wọ́n tẹ́ fún ọmọdé.

Ìyá mi gbé ọmọ náà mọ́ra. Ó ní, "Bàbá mi, ṣé ẹ ò rí ọmọ ni?"

Bàbá pa ẹ́ńjìnnì. Ó ṣí fìlà, ó gbé e lé orúnkún.

"N kò rí i," ló wí. "N kò rí i rí láti ọjọ́ tí o ti bí i."

Bàbá tó bí ìyá mi ni ẹni tí mò ń sọ yìí. Ilé rẹ̀ ní Arámọkọ ni wọ́n ti tọ́ mi, nígbà tí a ṣì wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ Oǹdó, tó jẹ́ pé Àkúrẹ́ ni ìjọba wa wà. Ìyá mi ń ṣiṣẹ́ tíṣà ní ìlú wa, bàbá mi wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Kàdúná, ó máa ń wálé nígbà ọdún. Nítorí náà, ọwọ́ àwọn àgbà méjèèjì ni mo dàgbà sí: bàbá àgbà, àti ìyá àgbà, aya rẹ̀. Èdè Èkìtì ni wọ́n ń sọ nínú ulé, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń pe ilé, mo kàn ń kọ ọ̀rọ̀ wọn báyìí kó lè yé gbogbo ènìyàn ni.

Mẹkáníìkì ni bàbá nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ní Jọ́ọ̀sì. Òyìnbó kan tó fẹ́ràn ọkọ̀ eré ìje ló fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ fún un nígbà tó ń padà sí ìlú rẹ̀, torí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti bàjẹ́, kò sì sí ẹlòmíì tó lè fẹ́ ẹ. Lọ́rì tó kó iṣu bọ̀ láti òkè ọya ló gbé e dé Arámọkọ kí wọ́n tó bí mi. Ènìyàn méjì péré ló lè jókòó sínú rẹ̀, kò ní òrùlé, ó sì lọ sílẹ̀ débi pé ẹni tó bá fẹ́ wọ inú rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ kúnlẹ̀. Wọ́n ní nígbà tí àwọn àgbà àdúgbò kọ́kọ́ rí i, ọ̀kan nínú wọn ní ọkọ̀ yìí mà mọ iyì àgbà, ó dọ̀bálẹ̀ kí àwọn. Bó ṣe di Adọ̀bálẹ̀ nìyẹn.

Bàbá kò fẹ́ fi í ná ọjà, kò sì fẹ́ fi í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun kan ṣoṣo ló ń wá. Ó fẹ́ kí ọkọ̀ náà gun òkè Ẹ̀fọ̀n lórí gíà tó ga jù lọ, kó má húkọ́, kó má bẹ̀bẹ̀. Gbogbo ẹni tó ti gba ọ̀nà yẹn kọjá mọ̀ pé lọ́rì á máa sunkún níbẹ̀. Torí òkè yẹn ló ṣe tú gbogbo ara ọkọ̀ náà palẹ̀. Ó gé irin tí kò wúlò kúrò lára rẹ̀ kó lè fúyẹ́. Ó fi kabureto méjì, èyí tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́, sí ibi tí ẹyọ kan wà tẹ́lẹ̀. Wẹ́dà kan ní Ìjerò bá a jó páìpù sàlẹ́ńsà tuntun tí èéfín ń gbà jáde. Ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ inú ẹ́ńjìnnì, ó fi bébà oníyanrìn ha á títí tó fi dán bí abọ́ tánganran. Tí mo bá dé láti ilé ìwé, ìró yẹn ni màá kọ́kọ́ gbọ́, ṣàkà, ṣàkà, ṣàkà, pẹ̀lú òórùn bẹntiróòlù tó dà pọ̀ mọ́ òórùn kòkó àti ti ọbẹ̀ ìyá àgbà.

Iṣẹ́ náà kò tán. Mo bá a lẹ́nu rẹ̀, mo sì dàgbà bá a lẹ́nu rẹ̀. Ohun tó máa ń bà á jẹ́ jù ni nǹkan kékeré kan tí wọ́n ń pè ní kọ́ńtáàtì. Irin wẹ́wẹ́ méjì ni, wọ́n dojú kọra lábẹ́ ìdérí dúdú kan, wọ́n fi ìdè onírin tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ìyẹn síkúrù, dè wọ́n. Àlàfo tó wà láàárín wọn gbọ́dọ̀ ṣe wẹ́kú. Bó bá yẹ̀ díẹ̀, iná kò ní dé ibi tó yẹ lásìkò, ẹ́ńjìnnì á húkọ́, á kú. Bàbá á tún un ṣe lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, á fọwọ́ pa á, á ní ó pé. Tó bá di àárọ̀ ọjọ́ kejì tó bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀, ọkọ̀ á húkọ́. Bàbá á fi àtàǹpàkò ra àwọn ìka ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tó yá ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ìka òun ti ń darúgbó.

Lójú tiwa, orúnkún ló ń dà á láàmú. Ohun tó sọ fún wa nìyẹn nígbà tí kò lọ sí oko mọ́, tí ìyá àgbà gba oko kòkó ṣe. Ó ní kí n máa ka Bíbélì sókè fún òun kí òun lè mọ̀ bóyá àwọn tíṣà wa ń ṣiṣẹ́. Tó bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá àgbà á di ọwọ́ rẹ̀ mú, àwọn ènìyàn á máa fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìfẹ́ àwọn àgbà yìí kò gbó. Ìyá àgbà máa ń wúkọ́ ní gbogbo ibi tí ilẹ̀ bá ti ga tàbí tó bá ti rẹlẹ̀. Mo rò pé àyà ló ń dùn ún.

Gbogbo nǹkan wọ̀nyí ló ń padà wá sí mi lọ́kàn ní ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, bí mo ṣe dúró sáàárín kòkó tó fọ́ká, tí mo ń wo ojú bàbá àgbà. Ojú náà mọ́lẹ̀, ó ń wo ọ̀gangan ibi tí a wà, kò sì rí wa.

Ó na ọwọ́. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú un wá." Ìyá mi kò kọ́kọ́ mira. Nígbà tó yá, ó gbé àbúrò mi sún mọ́ ọn, bàbá sì fi ìka rẹ̀ tó kún fún ọ̀rá dúdú wá iwájú orí ọmọ náà, imú rẹ̀, àgbọ̀n rẹ̀. Ó béèrè ta ló jọ.

Orí ìyẹn ni ìyá àgbà bá wa nígbà tó ti oko dé. Ó ru apẹ̀rẹ̀ kókò àti ewé. Ó wo ipa taya lórí kòkó, ó wo ọkọ̀ nínú oòrùn, ó wo ọwọ́ bàbá lójú ọmọ. Mo ń retí pé yóò figbe ta. Ó sọ apẹ̀rẹ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Ta ló tún kọ́ńtáàtì ṣe?" ló béèrè.

Ìyá mi yíjú sí i. N kò gbàgbé bí ojú rẹ̀ ṣe rí.

Bàbá ní, "Èmi ni. Mo ṣe é lẹ́yìn tí o lọ sóko, mo sì gbé ọkọ̀ jáde lójú ẹsẹ̀. Òórùn àlùbọ́sà ni mo gbọ́ lára ìdè rẹ̀."

Ìyá àgbà jókòó sílẹ̀ nínú ekuru. Ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ láìsunkún. Ọ̀bẹ ìdáná rẹ̀ ló fi ń dẹ ìdè kékeré yẹn ní àfẹ̀mọ́júmọ́, kó tó dáná. Ìyàwó mẹkáníìkì ni, ó ti bá a gbé pẹ́ tó láti mọ ibi tó yẹ kó fọwọ́ kàn.

"Mo mọ̀ pé ojú yín ti lọ," ló sọ fún ọkọ rẹ̀. "Mo ti mọ̀ kí ẹ̀yin alára tó gbà. Bí mo bá sọ ọ́, àwọn ọmọ á wá gbé ọkọ̀ yìí lọ, ẹ ó sì jókòó máa dúró de ikú. Bí mo bá jẹ́ kó ṣiṣẹ́, ẹ ó wà á jáde. Kí ni kí n ṣe?"

"O jẹ́ kí n máa rò pé ìka mi náà ń kú bí ojú mi," ni bàbá wí.

"Ẹ̀yin náà jẹ́ kí n máa fi ikọ́ júwe ọ̀nà fún yín kiri nínú ulé mi bí ẹni tí ẹ ò fọkàn tán."

Ìyá mi kò bá wọn dá sí i. Ó gbé àbúrò mi wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. A gbọ́ ẹkún rẹ̀ láti ìta, àwọn àgbà méjèèjì sì jókòó síbi tí wọ́n wà, ọ̀kan nínú ọkọ̀, ọ̀kan nílẹ̀. Èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa kòkó, torí n kò mọ ohun mìíràn tí ènìyàn lè ṣe.

Fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, ìyá mi ń kúnlẹ̀ kí wọn láàárọ̀, ṣùgbọ́n kì í jókòó tì wọ́n. Ó ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin tó wà ní Àkúrẹ́. Ẹ̀gbọ́n náà dé pẹ̀lú okùn àti ọkọ̀ akẹ́rù, ó ní òun máa fa Adọ̀bálẹ̀ lọ kó tó pa ọmọ ọlọ́mọ. Kò ṣèkà, ẹ̀rù ló bà á. Ó ti ń so okùn mọ́ ọn nígbà tí ìyá àgbà ká aṣọ sókè, tó wọ inú ọkọ̀ náà, tó jókòó. A ò rí i kó jókòó sínú rẹ̀ rí. Ó ní kí wọ́n máa fa òun lọ pẹ̀lú rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Níkẹyìn ó tú okùn rẹ̀, ó lọ.

N kò mọ ohun tó yí ìyá mi lọ́kàn padà. Mo kàn mọ̀ pé lọ́jọ́ kan nígbà ìsinmi ilé ìwé, ó lọ dúró sẹ́nu àtíbàbà, ó ní kí bàbá kọ́ òun ní ọkọ̀ wíwà. Bàbá ní obìnrin tó ń bínú kò gbọdọ̀ wa ọkọ̀. Ìyá mi ní òun á máa bínú, òun á sì máa wà á. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ kí wọ́n tún jọ rẹ́rìn-ín.

Bó ṣe rí nìyẹn. Bàbá á tún ẹ́ńjìnnì ṣe pẹ̀lú ìka àti etí, ìyá mi á sì wà á. Bàbá á jókòó ti ìyá mi, á gbé orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á máa sọ ìgbà tó yẹ kó yí gíà. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n lọ sí òkè Ẹ̀fọ̀n. Wọ́n há mi sẹ́yìn wọn. Afẹ́fẹ́ gba gèlè ìyá mi lọ ní Ẹ̀ríò, kò dúró mú un. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè, ọkọ̀ náà ń ké bí ohun tó ti ń dúró de ọjọ́ yẹn látọjọ́ pípẹ́, ẹ̀rù sì ba ìyá mi ní kọ́nà kan tí lọ́rì ti yọ sí wa, ó yí gíà wálẹ̀.

Bàbá ní, "O yí gíà."

"Mo yí i, bàbá mi."

"Ó dáa," ló wí.

Kò gun òkè yẹn bó ṣe fẹ́ títí tó fi kú. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ìyá mi wa ọkọ̀ náà títí a ò fi rí taya tó wọ̀ ọ́ mọ́. Ẹnì kan wá gbé e lọ, n kò mọ ibi tó wà lónìí.

Mo ti ju ọjọ́ orí ìyá mi nígbà náà lọ. Láìpẹ́ yìí, dókítà ojú kan tan iná sí mi lójú, ó tún un tàn, ó wá béèrè bóyá ẹnikẹ́ni nínú ìdílé wa ti fọ́jú rí. Ó ní àìsàn tó ń jẹ ojú díẹ̀díẹ̀ láìdunni ni, ó sì máa ń ti ara òbí dé ara ọmọ. Ó fún mi ní oògùn tí màá máa kán sójú. Mo wọ inú mọ́tò, mo jókòó. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni àwọn àgbà méjì tí wọ́n fẹ́ràn ara wọn, tí wọ́n wà nínú ulé kan, tí oníkálùkù sì ń fi òkùnkùn kan náà pamọ́ fún èkejì. N kò tíì bọ́ nínú ìyàlẹ́nu rẹ̀.

Nígbà tí mo délé, ọkọ mi ń ka ìwé ìròyìn, àwọn ọmọ ń jà lórí oúnjẹ. Ó béèrè bí àyẹ̀wò ṣe lọ. Mo fẹ́ sọ pé kò sí nǹkan, ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n mi. Mo gbé e mì. Mo fa àga, mo jókòó sáàárín wọn, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn kí oúnjẹ tó tutù. Ẹ̀rù ba gbogbo wa lálẹ́ ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n a jọ bẹ̀rù ni.