Ọjọ́ Tí Màmá Àgbà Kò Dáhùn Ìkíni

Màmá Àgbà, tó bí bàbá mi, ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi pé ọjọ́ kan wà lọ́dún tí àwọn Júù máa ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ sunkún tẹ́ńpìlì wọn tó jóná. Wọn kì í kí ara wọn lọ́jọ́ náà. Àwọn àgbà wọn ní ìkórìíra àárín ara wọn ló ṣílẹ̀kùn fún iná ọ̀hún.

Òórùn bẹntiróòlù ló máa ń mú mi rántí ọjọ́ kan nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ìlobùú àti Ìfọ́n, ìlú méjì tó jọ pààlà, ń jà lórí ilẹ̀. Má bi mí pé èwo ni tiwa. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, èéfín dúdú yọ láti ìlú kejì. Màmá Àgbà bọ́ sálúbàtà, wọ́n jókòó sórí yẹ̀pẹ̀. Bàbá mi wọlé, aṣọ wọn ń rùn bẹntiróòlù, wọ́n dọ̀bálẹ̀.

"Màámi, ẹ káàsán o."

Màmá Àgbà kò dáhùn.

"Màámi, àbí ẹ ò rí mi ni?"

Inú mi dùn pé mo mọ ìdí rẹ̀. "Bàbá, àwọn Júù kì í kí ara wọn lónìí."

Bàbá mi kò dìde nílẹ̀.

Mo ti bímọ tèmi kí n tó bi ara mi pé kí ni bẹntiróòlù ń ṣe lára aṣọ ẹni tí kò ní ọkọ̀, tí kò ní jẹnẹrétọ̀.

Ìwọ tó ń gbọ́ mi, bó bá jẹ́ ọmọ tí o bí ló dọ̀bálẹ̀ síwájú rẹ bẹ́ẹ̀, kí lo máa fi dá a lóhùn?