Súùtù Méjìlá Níwájú Kámẹ́rà Ojú Ọ̀run

Ẹni tó bá ní ayafọ́tò yìí kò gbọ́n, irọ́ lonítọ̀hún ń pa. Ọgbọ́n rẹ̀ ló pọ̀ ju èyí tó rí lò nílẹ̀ lọ, ló bá kó èyí tó ṣẹ́ kù lọ sójú ọ̀run. Ní ọmọ ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ra ilẹ̀, awò awọ̀nàjínjìn lòun rà. Ó gbé e sórí òrùlé oníkankéré ilé wọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya fọ́tò ìkùukùu. Kì í ṣe ìkùukùu tó ń rọ òjò o, ìyẹn ì bá tún wúlò. Àwọn tó wà láàárín ìràwọ̀ ni, gáàsì àti eruku tó ń tàn pupa níbi tó jìnnà débi pé ìmọ́lẹ̀ wọn ti wà lójú ọ̀nà kí wọ́n tó bí baba ńlá baba rẹ̀.

Kámẹ́rà lásán kì í rí pupa yẹn dáadáa. Àwọn tó ṣe kámẹ́rà ti fi dígí pẹlẹbẹ kan dí i lójú látinú, kí àwọ̀ ojú èèyàn lè jáde bó ṣe rí gan-an. Ayafọ́tò wa jókòó sídìí tábìlì oúnjẹ lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, ó tú kámẹ́rà tó fi ń jẹun palẹ̀, ó yọ dígí náà sọ nù, ó sì tò ó padà. Nọ́ọ̀tì kéékèèké mẹ́ta ṣẹ́ kù sínú àwo. Ó ní àwọn yẹn kò ṣe pàtàkì.

Ìyàwó rẹ̀, aránṣọ tó ní ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀ ilé, ń wò ó láti ẹnu ọ̀nà.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, olówó orí mi,” ló wí. “Tí orí bá wá ń fọ́ mi lọ́la, ṣé ẹ ó bá mi bẹ́ ẹ ni?”

“Ohun tó dí i lójú ni mo yọ. Báyìí ló ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ríran.”

“Mo gbọ́. Àwọn tó bá wá ya fọ́tò pásípọ́ọ̀tù ńkọ́? Ṣé kí n ní kí wọ́n gòkè ọ̀run lọ dúró dè yín?”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ létí díẹ̀. Ó wá kámẹ́rà àlòkù kan rà, irú kan náà, àwọ̀ kan náà, bí ìbejì. Ọ̀kan di ti èèyàn, ọ̀kan di ti ọ̀run. Ti ọ̀run yìí, ìṣẹ́jú márùn-ún ló fi ń ya fọ́tò ẹyọ kan. Tó bá ti ya ọgọ́rin, kọ̀ǹpútà á tò wọ́n léra wọn títí nǹkan á fi hàn. Nígbà tí ti àkọ́kọ́ jáde lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó pe ìyàwó rẹ̀ wá wò ó. Obìnrin náà tẹjú mọ́ ọn.

“Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ fi ya àbàwọ́n,” ló wí. “Tí ẹ bá sọ fún mi ni, mo ní aṣọ tí wọ́n ti da nǹkan sí ní ṣọ́ọ̀bù.”

Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi wà lẹ́nu ẹ̀fẹ̀ yìí kí iṣẹ́ ńlá tó dé. Ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ agbẹjọ́rò kan ní òpópónà kejì fẹ́ kí àwọn agbẹjọ́rò rẹ̀ méjìlá wọ súùtù dúdú kan náà. Ọ̀gá yìí kò fọkàn tán ẹnikẹ́ni, fúnra rẹ̀ ló lọ ra aṣọ, ojúlówó irun àgùntàn, tó sì gbé e wá fún aránṣọ. Ó ní aṣọ kan ṣoṣo ni òun fẹ́ lára àwọn méjèèjìlá, òun ò fẹ́ àdàlù. Tó bá dára, iṣẹ́ ẹ̀ka méjì yòókù ń bọ̀. Ọdún mẹ́tàlélógún ni obìnrin náà ti ń ká ẹsẹ̀ ṣòkòtò tó sì ń pààrọ̀ síìpù. Iṣẹ́ yìí ni yóò sọ ọ́ di aránṣọ lójú ayé, ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, oorun ò sì kun ojú rẹ̀ mọ́. Òun kan náà ló bẹ ọ̀gá kó jẹ́ kí ọkọ òun wá ya fọ́tò àwọn méjìlá lọ́jọ́ tí wọ́n bá wọ̀ ọ́.

Ní òru tó ṣáájú ọjọ́ fọ́tò, ojú ọ̀run mọ́ kedere. Ta ni yóò sùn? Orí òrùlé ni ọkùnrin wa wà títí ilẹ̀ fi mọ́. Ó sun oorun wákàtí kan, ó sáré wẹ̀, ó gbé kámẹ́rà. Mi ò ní láti sọ èyí tó gbé.

Àwọn méjìlá tò sídìí tábìlì gígùn. Aránṣọ fi píìnì sẹ́nu, ó ń tún kọ́là ṣe láti orí ẹnì kìíní dé ìkejìlá. Ọkọ rẹ̀ ya fọ́tò. Ọ̀gá ní kó gbé e sójú tẹlifíṣọ̀n ńlá tó wà lára ògiri lójú ẹsẹ̀, torí agbẹjọ́rò kì í gba ohun tí kò bá tíì rí.

Gbogbo wọn pọ́n bí ẹni tó jókòó ti iná.

“Àwọ̀ lásán ni, sà,” ni ayafọ́tò wí. Ó ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀: kámẹ́rà ọ̀run ló gbé wá. Ó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, ó tún àwọ̀ ṣe díẹ̀díẹ̀. Ojú àwọn èèyàn padà bọ̀ sípò. Ògiri funfun. Súùtù méje dúdú. Súùtù márùn-ún kọ̀, wọ́n pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí ilẹ̀ amọ̀.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju òje lọ. Lẹ́yìn pupa tí ojú wa ń rí, ìmọ́lẹ̀ mìíràn ṣì wà. Aró tí wọ́n fi pa aṣọ ló ń sọ bóyá aṣọ máa gbé ìmọ́lẹ̀ yẹn mì tàbí kó pọ̀ ọ́ jáde. Aṣọ méjì lè dúdú bákan náà lójú wa kí wọ́n má bára mu rárá lójú kámẹ́rà tí wọ́n ti yọ dígí rẹ̀. Ayafọ́tò mọ èyí bí ẹni mọ orúkọ ara rẹ̀. Ó rántí alẹ́ tí ìyàwó rẹ̀ wọn aṣọ tí ọ̀gá gbé wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta, àti báàgì tó há sábíyá wọlé lọ́jọ́ kejì. Kò bi í léèrè nígbà náà. Ìkùukùu ló ń sáré lọ bá.

Ó wo ìyàwó rẹ̀. Píìnì ṣì wà lẹ́nu obìnrin náà, ojú rẹ̀ sì ti sọ gbogbo rẹ̀ tán.

“Kí ló dé tí márùn-ún fi pọ́n?” ni ọ̀gá bi í.

“Kámẹ́rà mi ló bàjẹ́, sà.”

“Ó bàjẹ́ báwo?”

“Mo tú u, sà. Mo yọ dígí kan nínú rẹ̀.”

“Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?”

“Mo fẹ́ máa fi ya ìkùukùu, sà.”

Ẹ̀rín sọ lẹ́nu àwọn agbẹjọ́rò. Ọ̀gá dúró kí wọ́n rín in tán.

“Kámẹ́rà tó bàjẹ́ wá ṣa súùtù márùn-ún nínú méjìlá?”

“Kámẹ́rà tó bàjẹ́ ò ní ìlànà, sà.”

“Ẹ máa lọ. Ẹ má ya ẹnikẹ́ni mọ́ nínú ilé yìí.” Ọ̀gá yíjú sí aránṣọ. “Màmá, ẹ kú ìfaradà. Ọpẹ́ ni pé ẹnì kan mọ iṣẹ́ rẹ̀ nínú ilé yín.”

Ayafọ́tò ń ká wáyà rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí n fi ẹ̀fẹ̀ bò ó: ó dùn ún gan-an. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti ń ya fọ́tò, kò sẹ́ni tó lé e jáde níbi iṣẹ́ rí.

Ìyàwó rẹ̀ yọ píìnì kúrò lẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fi wọ́n gún tìmùtìmù kékeré tó so mọ́ ọwọ́.

“Kámẹ́rà ọkọ mi ò bàjẹ́,” ló wí. “Òun nìkan ló ríran nínú yàrá yìí. Mo ṣi aṣọ yín gé, sà, kò tó mọ́. Mo bá lọ ra òmíràn tó jọ ọ́. Àwọn márùn-ún yẹn ni.”

Ẹ̀rín tán. Iṣẹ́ ẹ̀ka méjì lọ, ìyẹn ò gba àlàyé. Agbẹjọ́rò méjìlá nínú yàrá kan, wọn ò pẹ́ rí òfin tó bá ọ̀rọ̀ náà mu: kí ó rán márùn-ún mìíràn lófẹ̀ẹ́, kó sì gbàgbé ọ̀nà ibẹ̀.

Lójú ọ̀nà ilé, obìnrin náà ń rìn níwájú, ó ń bínú.

“Ta ló bẹ̀ yín kẹ́ ẹ purọ́?”

“Ojú rẹ ló bẹ̀ mí.”

“Ojú mi ò bẹ ẹnì kankan. Ẹ ò tiẹ̀ mọ irọ́ pa. ‘Kò ní ìlànà, sà.’”

“Kí ló dé tí o fi jẹ́wọ́? Wọ́n ti gbà á tán.”

Obìnrin náà ń rìn lọ títí wọ́n fi dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ó dúró, omi ti lé ròrò sójú rẹ̀.

“Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́,” ló wí. “Mi ò mọ̀ pé báyẹn ló ṣe máa ń rí lára yín, àfìgbà tí wọ́n fi yín ṣe é lójú mi.”