Orin Ìkómọ Tí Mo Kọ Nílé Ọ̀fọ̀

"Àbẹ̀kẹ́, dákun, wá bá wa kọrin. Ìyá Ràjí ò sunkún, kò sì jẹun látìgbà tí ìròyìn ti dé."

Ìyáálé Ìyá Ràjí ló wá bá mi láti Màsífà. Ràjí, ọmọ kan ṣoṣo tí Ìyá Ràjí bí, ló kú sí Àbíjàn níbi tó ti ń ṣòwò. Ibẹ̀ náà ni wọ́n sin ín sí. Ìyá ẹ̀ ò rí òkú, kò rí sàréè.

Ẹ̀rù bà mí, ẹ má wulẹ̀ bi mí. Oníwákà ni mí l'Éjìgbò. Tó bá jẹ́ fìdáù arúgbó ni, èmi gan-an ni kí ẹ pè! Màá lé orin, àwọn ẹlẹ́gbè mi á gbè é, àwọn ọmọ olóòkú á jó, ààfáà tó ní òun ò fẹ́ ariwo á máa mi orí lábẹ́ láwàní. Ṣùgbọ́n tí ọ̀dọ́ bá kú, ọ̀fọ̀ ni. A kì í kọrin níbẹ̀.

Èmi nìkan ni mo lọ. Mo bá Ìyá Ràjí lórí ẹní, ojú wọn gbẹ. Mo kúnlẹ̀.

"Màmá, ẹ kú ara fẹ́ra kù."

Wọ́n ní, "Ìwọ lo kọrin níbi ìkómọ rẹ̀. Kọ ọ́."

"Háà! Màmá, orin ayọ̀ mà ni!"

"Ṣé kì í ṣe ọmọ mi ni? Kọ ọ́, jàre."

Kí ni mo fẹ́ ṣe? Mo rọra gbé e, mo fi oríkì Ràjí pè é: "Àjàní, káàbọ̀ o, a rí ọ, a yọ̀." Wọ́n ń mi orí. Àfi bí mo ṣe dé ibi àdúrà, ibi tí gbogbo ilé ti ń ṣe àmín: "Àjàní, ìwọ lo ó gbẹ̀yìn ìyá rẹ." Yéè! Ṣé kí n fò ó ni, àbí kí n yí i padà?

Ni Ìyá Ràjí bá gbà á lẹ́nu mi, wọ́n fi ohùn orin náà gan-an kọ ọ́: "Àjàní, èmi ni mo gbẹ̀yìn rẹ o."

Ẹkún bú jáde. Ìyáálé wọn sáré wá, "Ó tó, ó tó!" Mo ní fún ìyáálé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n sunkún." Èmi náà ń sunkún.

Nígbà tó yá, Ìyá Ràjí di ọwọ́ mi mú. "Àbẹ̀kẹ́, ta ni yóò wá gbẹ̀yìn tèmi?"

Mo ní, "Èmi ni, Màmá."

Nígbà tí ọjọ́ wọn pé, èmi ni mo jó ijó ọmọ olóòkú níbi fìdáù wọn.